Abúlé Tí Ẹnìkankan Ò Ti Gbọ́ Èdè Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí màmá wa kú ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọge tó ń lọ sí iléèwé girama nígbà náà. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ ìyá bàbá wa, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun lè pọ̀n mí, òun lè fún mi lóúnjẹ, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ fún òun. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Tó bá ti iléèwé dé, èmi ló máa kọ́kọ́ gbé sẹ́yìn kó tó ráyè bọ́ aṣọ iléèwé. Mi ò rántí ojú màmá wa rárá. Ohun tí mo rántí ni ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe máa ń gbóná, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń gba inú ẹ̀yìn náà bọ́ sí mi létí nígbà tó bá ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Mo ti ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó rí ààyè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó, ó sì fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wa. Láti London ló ti gba Scotland lọ. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó ìjọba, tó ń gbin igi, tó sì ń gé e. Wọ́n fẹ́ra wọn, ó tẹ̀ lé e lọ sí abúlé tí wọ́n bí i sí, abúlé kékeré kan lẹ́bàá odò. Wọn ò bímọ. Èmi náà dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀, èmi àti ọkọ mi kó wá sí Maryland ní Amẹ́ríkà, a ra ilé sí Clinton, a bí ọmọ méjì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Glenarden dé, mo máa ń pè é, a ó sì sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi jinná. Òun ló máa ń wá kí wa. Tí mo bá ní kí èmi náà wá kí i, á rẹ́rìn-ín.

“Kí lo fẹ́ wá wò níbí? Àgùntàn?”

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, a bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ wá bá wa gbé. Ó ní òun ò lè dá ọkọ òun fi sílẹ̀ ní itẹ́ òkú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ohun kan náà léraléra lórí fóònù. Á béèrè àwọn ọmọ, màá dá a lóhùn, kí n tó mí, á tún béèrè wọn. Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń gbọ́. Mi ò kàn fẹ́ pè é lórúkọ ni.

Aládùúgbò rẹ̀, obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ tirẹ̀ náà ti kú, ló ń bá wa mójú tó o. Òun ló sọ fún mi pé wọ́n bá ẹ̀gbọ́n mi létí odò láàárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú aṣọ ìsùn, nínú òtútù. Òun náà ló bá a kó ẹrù lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní ìparí abúlé náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá pè mí ní ọjọ́ kan, ní ìgbà ìwọ́wé.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dẹ́kun Gẹ̀ẹ́sì,” ló wí.

Mo ní, “Báwo lẹ ṣe wí?”

“Kò sọ ọ́ mọ́. Èdè yín nìkan ló ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. A ò gbọ́ ohunkóhun. Mo rò pé ó yẹ kó o wá.”

Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ọkọ mi wà mí lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé ló ní, “Mú un bọ̀ tó bá ṣeé ṣe. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣófo.” Ohun tí mo ní lọ́kàn náà nìyẹn. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá náà kí n tó lọ.

Obìnrin aládùúgbò náà wá pàdé mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Òjò winniwinni ń rọ̀, òjò tí ènìyàn kì í gbọ́ ìró rẹ̀, àmọ́ tó ń wọ inú aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le létí mi gan-an, mo ń dà á padà lọ́kàn kí n tó dáhùn. Ó wakọ̀ gba àárín àwọn òkè tí kò ní igi kan lórí, àgùntàn ló kún ẹ̀gbẹ́ wọn, a ò pàdé ju ọkọ̀ bíi mélòó kan lọ. Nígbà tí a yí kọ́nà kan báyìí, mo rí abúlé náà nísàlẹ̀. Títì kan ṣoṣo ni. Ilé òkúta wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n dúdú nítorí òjò. Ṣọ́ọ̀ṣì wà, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, tí wọ́n sì tún ń gba lẹ́tà, afárá òkúta wà, odò náà sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì tí wọn ò tíì bu mílíìkì sí. Obìnrin náà ní ilẹ̀ orí òkè ló ń pa á láró bẹ́ẹ̀, pé ó mọ́, pé àwọn ń mu ún.

Mo ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí, àmọ́ mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ní Clinton, kódà tí gbogbo ilé bá sùn, ènìyàn á máa gbọ́ mọ́tò lọ́nà jíjìn lórí títì márosẹ̀ Route 5. Níbí, odò nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo rò ó wò pé ẹ̀gbọ́n mi gbé ibí yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì bi ara mi pé ta ló ń bá sọ Yorùbá láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé tí kì í ṣe ọjọ́ tí mo ń pè é.

A lọ tààrà sí ilé ìtọ́jú náà. Ilé ńlá àtijọ́ ni, ó mọ́ tónítóní, ó ń rùn bíi ọṣẹ àti ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò rù, pé irun rẹ̀ á ti funfun. Mi ò múra sílẹ̀ fún ohun tó ṣe. Ó yíjú, ó rí mi, ó di apá àga mú, ó sì kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Màámi,” ló wí, “ẹ kú àbọ̀. Ẹ mà pẹ́ o.”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí èmi àbúrò rẹ̀. Èmi náà sáré kúnlẹ̀, mo dì í mú ní èjìká, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni. Àbúrò yín ni.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. “Ẹ má bínú,” ló wí. “Mo ti gbé omi kaná. Ọmọ ti jẹun. Ó sunkún díẹ̀ lọ́sàn-án, àmọ́ mo pọ̀n ọ́n, ó ti sùn.”

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá náà tí kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ó rọra fi ìka lé ètè, kí n má bàa jí ọmọ.

Òṣìṣẹ́ kan, ọmọbìnrin tó ní ojú àánú, bá mi gbé e dìde. Inú rẹ̀ dùn pé mo dé. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá ẹni tó lè bá àwọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. “A kàn mọ ọ̀kan níbẹ̀,” ló wí. “Ó máa ń pe ajá rẹ̀. Tútù. Gbogbo ìgbà ló ń pè é, Tútù, Tútù. Ó ń ṣe wá láàánú, la bá ra ọ̀kan fún un.”

Ó mú ajá kan tí wọ́n fi aṣọ rán jáde lẹ́yìn ìrọ̀rí. Ajá funfun, ojú rẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì dúdú.

Mo fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó tutù bí irin. Fèrèsé tí wọ́n gbé e sí ń jò, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi etí rẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Òtútù ń mú mi, Màámi,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tó ti sú u.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ọmọbìnrin náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bú sẹ́kún níbi tó dúró sí. Mi ò lè bínú sí i. Ì bá sàn fún mi ká ní mo rí ẹni bínú sí. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń pè é ní olólùfẹ́ wọn, wọ́n ti ra ajá fún un. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló ti ń sọ fún wọn pé òtútù ń mú òun? Ọmọbìnrin náà ní láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibẹ̀ ni.

A gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Mo bọ́ súẹ́tà mi wọ̀ ọ́. Mo kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì: òtútù, omi, ebi, ó ń dùn mí, mo fẹ́ tọ̀. Wọ́n ń wí i tẹ̀ lé mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ara wọn, wọ́n gbìyànjú. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ kejì, àwọn mìíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn ò mọ ọ̀kankan níbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo sùn sí, obìnrin aládùúgbò náà ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ilé náà wà lẹ́bàá omi gan-an. Mo rí ìkòkò tí mo mọ̀, mo rí odó kékeré tó gbé wá láti ilé, mo rí gàrí nínú ike, ó ti bu. Fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà lórí ibi ìdáná. Mo mú un lọ fún un láàárọ̀, mo rò pé bóyá yóò ṣí ọkàn rẹ̀. Ó mú fọ́tò náà dání, ó wò ó dáadáa.

“Aṣọ obìnrin yìí dára,” ló wí. “Ta ni òyìnbó yìí?”

“Ọkọ yín ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú tì í. “Hà, Màámi! Mi ò tíì lọ́kọ o. Ọmọ iléèwé ni mí.”

Torí ọkùnrin yẹn ló ṣe kọ̀ láti wá gbé lọ́dọ̀ wa. Sàréè ọkọ rẹ̀ kò jìnnà síbi tó jókòó sí, wọ́n lè fi kẹ̀kẹ́ tì í débẹ̀ kí tíì tó tutù. Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó wà ní abúlé ẹni tí kò mọ̀, láàárín àwọn tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìfẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ò rántí mọ́. Mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sínú báàgì mi.

Ọjọ́ kan wà tó dára. Oòrùn yọ, àwọn òkè sì di àwọ̀ búráùn àti pupa. Èmi àti obìnrin aládùúgbò náà ti ẹ̀gbọ́n mi lórí kẹ̀kẹ́ dé orí afárá. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló dúró kí i. Alápatà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ wá kí i. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ló gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó wà ní abúlé náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, pé kò sí ilé tí kò wọ̀ rí nínú yìnyín àti òjò. Ọkùnrin géńdé kan tó ga bí òpó fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó ní, “Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí láyé.” Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó lọ tán, ó bi mí bóyá ọkùnrin yẹn fẹ́ ra nǹkan ni.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìfẹ́ náà ò lè bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ ni mo ní láti ṣe. Kí n tó lè mú un wá sí Amẹ́ríkà, ó ní láti gba físà, ó sì ní láti lọ rí dókítà kan ní ìlú ńlá tó máa sọ bóyá ó lè wọ ọkọ̀ òfurufú. Obìnrin aládùúgbò náà ní òun á wà wá. A wọ ẹ̀gbọ́n mi láṣọ tó nípọn, a fi í sí ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi jókòó tì í. Ara rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí a ń gba títì abúlé kọjá. Nígbà tí a kọjá afárá tí ilé kẹ́yìn sì pòórá lẹ́yìn wa, ó di apá mi mú.

“Níbo là ń lọ?”

“A fẹ́ lọ rí dókítà ni. A ó padà.”

“Ọmọ ń kọ́?”

Mi ò dáhùn kíá. Ìyẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

“Màámi, ọmọ dá wà nílé!” Ohùn rẹ̀ ròkè. “Ẹ jẹ́ n sọ̀! Ọmọ dá wà! Ó máa jí, kò ní rí ẹnìkankan! Ẹ dá ọkọ̀ dúró!”

Ó ń fa ilẹ̀kùn. Mo dì í mú, agbára rẹ̀ jù mí lọ, arúgbó tí kò lè dìde lórí àga fúnra rẹ̀. Ó ń lu fèrèsé, ó ń pe àwọn ará àdúgbò wa ní Ìbàdàn, àwọn tó ti kú tipẹ́, kí wọ́n wá gba òun. Obìnrin aládùúgbò náà ti dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń kígbe pé, “Kí ló ń wí? Kí ló ń fẹ́?”

“Ó ń wá ọmọ,” mo wí.

“Ọmọ wo?”

Mo gbé ojú ẹ̀gbọ́n mi sí àárín ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ní, “Ẹ wò mí. Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni ọmọ náà. Mo ti dàgbà. Ẹ tọ́ mi, mo dàgbà. Kò sẹ́ni tó dá wà nílé.”

Ó wò mí. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé ó rí mi. Lẹ́yìn náà ló yọ ojú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, ó ní, “Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ n lọ gbé ọmọ mi.”

A yí padà. Kí a tó kọjá afárá, ó ti tọ̀ sára, ó sì ti dákẹ́.

Dókítà abúlé náà wá wò ó lọ́sàn-án. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé tí a bá ní dandan ká gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, a ní láti fún un ní oògùn oorun débi pé ó lè má jí. “Tó bá jẹ́ aláìsàn yín ni,” ló bi mí, “kí lẹ máa sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀?”

Mo mọ ohun tí màá sọ fún wọn. Mo ti sọ ọ́ fún ẹbí púpọ̀.

Mo pe ọkọ mi. Mo ní kò lè ṣeé ṣe. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ dúró tì í ni?” Kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn ń béèrè. Mo ronú nípa ẹ̀. Mo ronú nípa ẹ̀ gidi, mo rìn lọ rìn bọ̀ létí odò títí ẹsẹ̀ mi fi rin gbingbin. Iṣẹ́ mi ló ń san owó ìwòsàn gbogbo ilé wa, àbíkẹ́yìn mi ṣì wà níléèwé girama, dídúró tì í ní abúlé yẹn ò sì ní mú un rántí mi. Mo wá gbogbo ìdí tí mo fi lè lọ, gbogbo wọn ló sì jẹ́ òótọ́. Òótọ́ wọn ò mú kó rọrùn.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo fi òróró pa á lára, mo di irun rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, mo jókòó tì í títí ọkọ̀ fi dé. Nígbà tí mo dìde, ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, mo dá a dúró.

“Ẹ tún ń lọ, Màámi?”

“Mò ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹ má pẹ́ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ. Mo kàn ń gbìyànjú ni.”

Ẹkún tí mi ò sun lójú rẹ̀, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti sun ún. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, tó sọ fún gbogbo ẹbí pé òun lè ṣe é? Kò sí ọjọ́ kan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn arúgbó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ èdè kan tí ẹnìkankan nínú wa ò mọ̀. Mo dúró tì í ju bó ṣe yẹ lọ, mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó tutù. Mo ń pe ilé ìtọ́jú náà lójoojúmọ́, wọ́n á fi fóònù sí etí ẹ̀gbọ́n mi, màá máa sọ Yorùbá, ohunkóhun tó bá wá sí mi lẹ́nu, oúnjẹ tí mo sè, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń dáhùn. Nígbà tó yá, mímí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá mi wá ọmọ Yorùbá kan tó ń kàwé ní Edinburgh. Ọmọ náà lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó sùn ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà níbẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, kò tún lè lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbàdúrà fún un, wọ́n ń sọ fún mi pé yóò dára. Mò ń ṣe àmín. Tí mo bá dé ilé, màá wo àwọn ọmọ mi. Wọ́n dára sí mi. Tí mo bá sọ pé kí wọ́n wá jẹun ní Yorùbá, wọ́n á dìde. Wọ́n mọ “wá,” wọ́n mọ “jókòó,” wọ́n mọ “ẹ káàárọ̀.” Ọjọ́ kan mo bi àkọ́bí mi pé, tí mo bá ní òtútù ń mú mi, kí ni mò ń sọ? Ó ronú, ó ní ṣé kì í ṣe pé oúnjẹ ti tutù? Mo ní ó súnmọ́ ọn.

Ìgbà yìnyín ni obìnrin aládùúgbò náà pè mí. Mo wà nínú ọkọ̀ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, àwọn nǹkan tí mo rà wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní òtútù àyà ló mú ẹ̀gbọ́n mi, pé kò pẹ́, pé òun wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó sọ nǹkan kan kó tó lọ. Mo gbìyànjú láti fi sọ́kàn fún ẹ.”

“Kí ló sọ?”

Ó wí i. Ohun tí mo gbọ́ ni “ba mi.”

Mo ní kó tún wí i. Ó tún wí i. “Ba mi. Ó sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.”

Ṣé “Bàámi” ni, bàbá wa ló ń pè? Ṣé “bá mi” ni, pé ká bá òun ṣe nǹkan kan, bá mi gbé e, bá mi mú un, tí kò parí ọ̀rọ̀? Òyìnbó kì í lè pe “gb” dáadáa. Ṣé “gbà mí” ló ń sọ?

“Ṣé ohùn rẹ̀ lọ sókè níparí ni, àbí ó wà nísàlẹ̀?” mo bi í.

“Mi ò rántí,” ló wí. “Ohùn rẹ̀ ti kéré gan-an. Má bínú. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Mo sọ fún un pé bàbá wa ló ń pè. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé ó ti ń dun òun lọ́kàn. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, mi ò mọ̀.

Èmi nìkan ni mo lọ síbi ìsìnkú náà. Odò ti kún, yìnyín wà lórí àwọn òkè, gbogbo abúlé ló sì jáde, títí kan àwọn tó ní láti fi ọ̀pá rìn. Wọ́n kọ orin ìsìn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Àlùfáà ní ṣé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Mo jáde síwájú wọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ tọ́ mi. Ó dàárọ̀ o.” Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú, àmọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé kò sí ẹni tí mò ń bá sọ ọ́. Mo padà sáyè mi.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń pín tíì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn ń wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ dùn létí púpọ̀, ó dà bí orin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo mu tíì náà tán, mo sì lọ kó ẹrù mi.